Onídùúró Ni Olówó: Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Obìnrin Oníṣòwò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin oníṣòwò kì í ṣe àánú: owó òwò gan-an ni. Ẹ wo ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a kò bá tà kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi ká yan án tàbí ká kó yìnyín lé e, méjèèjì ló sì ń fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alátẹ tòmátì ní ọjà Ṣábó ní Ìkòròdú. Báǹkì yóò béèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún ìdógò, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkùnrin ló sábà máa ń wà nínú ìwé ilẹ̀.

Èésú ló ti ń dí àlàfo yìí láti ọjọ́ pípẹ́. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ètò náà nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde ní 1952. Ká ní obìnrin 10 ń dá 20,000 náírà lọ́sẹ̀: 200,000 ni ẹnì kan yóò máa kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ti fi tirẹ̀ pamọ́ níbi tí ìnákùúnàá kò lè dé. Ìdógò wọn ni pé wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n sì mọ bí ọjà oníkálukú ṣe ń tà. Ẹni tó bá da àwọn yòókù kò ní ibi tí yóò pàtẹ sí lọ́la. Ìlànà tó jọ èyí ni Grameen Bank ti Bangladesh gùn lé, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006.

Ẹnìkan lè ní: báwo ni àwọn tó ń du oníbàárà kan náà yóò ṣe ran ara wọn lọ́wọ́? Ìtàn Èkó ti dáhùn. Lọ́dún 1940, ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó wọn jáde, ìjọba sì sún gbèdéke náà sí £200. Àwọn tó ń bára wọn díje nídìí àtẹ ló jọ jáde, nítorí pé owó orí kò mọ ẹni tó tà jù àti ẹni tí kò tà tó. Owó ọkọ̀ àti owó yìnyín náà kò mọ̀ ọ́n.

Àtakò kejì wúwo jù: àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń dí ẹni tuntun lọ́nà, akápò mìíràn a sì kó owó sá lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ títú ẹgbẹ́ ká kọ́ ni oògùn rẹ̀, torí obìnrin tó dá wà ni olówó èlé ń rí mú. Oògùn rẹ̀ ni kí èrò inú èésú má pọ̀ ju ẹni tó lè mọ ara wọn lọ, kí wọ́n máa ka àkọsílẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ipò akápò máa yí, kí ẹgbẹ́ tó bá sì ti gbòòrò forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí òfin lè dá sí i bí ìjà bá dé.

Nítorí náà, mo rọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ pé, kí wọ́n tó máa pín owó fún obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń dá èésú láìyẹ̀ kàn. Owó tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn yóò bá onídùúró níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ, torí owó tí òun náà bá dá ni yóò sọ tiyín di ńlá.