Òjò Ló Sé Mi Mọ́

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo mú wá sórí ọ̀rọ̀ ìjì tí a ń jíròrò: "Òjò ló sé mi mọ́." Láyé àwọn baba wa, ìdáhùn tó pé ni. Ẹni tó bá sùn sí oko, tàbí sí ilé ẹlòmíràn, tó sì wí bẹ́ẹ̀ nígbà tó padà dé, ẹnikẹ́ni kì í tún bi í ní nǹkan kan mọ́. Ní Èkó, gbólóhùn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwáwí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kì í gbà á, ìyàwó kì í gbà á lẹ́nu ọkọ, ìyá kì í sì í gbà á lẹ́nu ọmọ. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìjì ṣe ń dé. Ní Múṣin, Yábàá àti Súrùlérè, ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì ńlá ti sábà máa ń yọ, láti apá ọ̀sà àti ọ̀nà Ìkòròdú, pàápàá nígbà tí òjò ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Atẹ́gùn òkun á dákẹ́, ooru á mú, ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè máa rìn ní nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan, nítorí náà àyè tó wà láàrin ìgbà tí a rí i lókèèrè àti ìgbà tó dé kì í sábà pé wákàtí kan. Òjò tó ń rọ̀ bọ̀ láti òkè ló ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á já wálẹ̀, á sì tú jáde síwájú òjò. Ìdí nìyẹn tí eruku àti páànù tó ń fò fi ń ṣáájú ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́. Àwọn àgbà tó ní Ọya ní ń lọ níwájú Ṣàngó, ojú ọ̀run ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́.

Láàrin àkókò kékeré yìí, iṣẹ́ pọ̀ nínú ilé. Nínú àwọn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ ó gbọ́ tí aládùúgbò ń pe aládùúgbò: "Ìyá Bọ́lá, aṣọ yín wà lórí okùn o!" A ó gbé garawa sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, a ó ti fèrèsé, a ó wá àtùpà sítòsí, a ó yọ fíríìjì kúrò lára iná, títí kan ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wò mí yìí. Àwọn mìíràn á fi aṣọ bo dígí nítorí ààrá. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n gíláàsì ojú fèrèsé ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ kúrò nídìí rẹ̀.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ní irú àkókò yìí, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ a máa kà wọ́n sínú. Ẹnì kan á kù. Ó wà ní Ojúẹlẹ́gbà, ó ń dúró de ọkọ̀. Láyé àtijọ́, àdúrà nìkan ló kù tí ìyá lè ṣe. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sì máa ń sọ ni pé: "Tètè máa bọ̀ kó tó dé!" Ọmọ tó ti fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé tó dára á bọ́ sójú títì.

Kí ló ń pàdé níbẹ̀? Ní ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Keje, 2011, òjò rọ̀ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títì di odò, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní 13 oṣù Kejì, 2012, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì máa retí òjò, ìjì ṣí òrùlé, ó wó igi àti òpó iná, ó sì pa ènìyàn. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, lè kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Kò lè sọ fún wa òpó iná tí yóò wó. Bí àgbàrá bá sì ti bo ilẹ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí àti títì á rí bákan náà lójú ẹni tó ń kọjá. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, bí ó bá ń sáré, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Òwe wa ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. A sábà máa ń fi òwe yìí sọ pé òjò kì í ṣojúsàájú. Ẹ tún ìlàjì kejì gbọ́ dáadáa: ẹni eji bá rí. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé, eji kò rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, bí ojú ọ̀run bá ṣú tí ẹnì kan kò sì tíì wọlé, ẹ pè é. Ẹ bi í bóyá ibi tó wà ní òrùlé tó le, tí kò sì sún mọ́ odò tàbí òpó iná. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó jókòó síbẹ̀ kí òjò dá, kí àgbàrá sì fà. Ẹ bo oúnjẹ rẹ̀ dè é. Nígbà tó bá dé lóru tàbí lọ́jọ́ kejì, tó ní òjò ló sé òun mọ́, ẹ má bi í ní ìbéèrè kejì.

Olóòtú, mo rí i pé ẹ ń wo aago.