Àlàjẹ́ àti Ẹ̀jẹ̀: Títọpa Ìdílé ní Ilẹ̀ Írẹ́lándì

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ kan bá kún ìlú, ilé wo ni a ó wò? Ìṣòro yìí ń bá àwọn ọmọ Írẹ́lándì tí a bí sí Amẹ́ríkà fínra nígbà tí wọ́n bá ń wá orírun wọn.

Ìyàn ọdún 1845 sí 1852 pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn níbẹ̀, ó sì lé àwọn tó ju iye náà lọ sókè òkun. Ní 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin jóná. Púpọ̀ nínú ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 sì di eérú.

Lónìí, àyẹ̀wò DNA láti inú itọ́ ẹnu lè fi hàn pé ìbátan ni ẹni méjì. Kò lè dárúkọ ilé tí wọ́n ti pínyà. Níbi tí àwọn ìdílé ti ń fẹ́ra wọn láti ìran dé ìran, ó tilẹ̀ lè mú ìbátan tó jìnnà jọ èyí tó sún mọ́ni.

Níhìn-ín ni àlàjẹ́ ti wúlò. Ní Tipperary, níbi tí àwọn Ryan pọ̀ sí, aládùúgbò a máa fi àlàjẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni Ryan Bán. Funfun ni ìtumọ̀ Bán. Àwọn tó díye lé ilẹ̀ láàárín 1847 àti 1864 pàápàá kọ irú àlàjẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́rìí ìbátan. Àlàjẹ́ ń tọ́ka ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wú àlàjẹ́ tí arúgbó bá gbé wọ sàréè jáde. Àgbà ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè.