Ẹ Má Fi Ipò Kìíní Tan Oníbàárà Yín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba owó oníṣòwò láti gbé ìkànnì rẹ̀ sókè lórí Google, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí.

Àwọn kan ń mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wá, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù pé, "A ti gba ipò kìíní." Ẹ̀tàn ni. Àwọn mìíràn ń wò ó lórí fóònù tiwọn nìkan. Ohun tí ará Ìbàdàn rí lè yàtọ̀ sí ti ará Èkó.

Ẹ lo Search Console, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi wá a, ìpíndọ́gba ipò rẹ̀, iye ìgbà tó jáde àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ipò 4 já sí 11, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ipò kìíní; ẹ má ṣèlérí rẹ̀.

Nítorí ìròyìn èké, ìyá aláṣọ lè tún yáwó lé ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.