Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ewéko Ara Ògiri
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, àbá méjì ni a gbé kalẹ̀: kí a ha ewéko tútù tí ó bo ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wa kúrò, kí a sì gé igi ọ̀gánwó oníhò nì, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ ń ba páànù jẹ́. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ewéko ara ògiri kò ní gbòǹgbò gidi, kò ní òdòdó, kò sì ní èso. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun náà ni ó fi ń mu omi. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ bí ẹni pé ó ti kú. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ohun tí ó fi ń bí sí i kéré bí eruku, atẹ́gùn ní í gbé e kiri. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan tí ó wà ní Nàìjíríà ní Bryum coronatum; ìbátan rẹ̀, Bryum argenteum, ń hù létí títì Lọ́ńdọ̀n, ó sì wà ní Antarctica tí yìnyín bò. Ẹ ha á lónìí, ẹ óò tún bá a níbẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń gbé ilẹ̀ ọ̀dàn, Heliosciurus gambianus, tí ìrù rẹ̀ ní àmì yíká-yíká bí òrùka (ẹ má fi pe ìkún tí ń gbẹ́lẹ̀ o), ojúmọmọ ní í jẹun, inú ihò igi ní í sùn. Kò lè gbẹ kí ó dúró de òjò. Lẹ́ẹ̀rùn, lójò, ó gbọ́dọ̀ wá èso, kóró àti kòkòrò jẹ. Igi kékeré kì í sì í ní ihò. Igi gbọ́dọ̀ dàgbà, ẹ̀ka gbọ́dọ̀ kán, kí inú rẹ̀ tó jẹrà. Igi tí a bá gbìn lónìí, bóyá àwọn ọmọ wa ni yóò bá ihò lára rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní ẹran ọbẹ̀ ṣáà ni. Èmi náà jẹ ẹ́ rí ní oko bàbá mi, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n méjì tí ń sáré lórí igi yẹn ni àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín fi mọ ọ̀kẹ́rẹ́. Bí kì í bá ṣe tiwọn, inú àlọ́ nìkan ni wọn ì bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, Alága, mo dábàá pé kí a gé ẹ̀ka méjì tí ó dà sórí páànù, kí igi fúnra rẹ̀ dúró. Mo ti bá agégi sọ ọ́; owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti gígé gbogbo igi. Ta ni yóò kín mi lẹ́yìn?