Bí yàrá tútù bá kún, ta lẹ máa dá padà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣòwò, ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí bóyá ó tọ́ kéèyàn máa jèrè nínú iṣẹ́ tó fẹ́ fi ran ará ìlú lọ́wọ́. Ó tọ́. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà.

Ẹ wo ColdHubs, tí Nnaemeka Ikegwuonu dá sílẹ̀ ní Owerri, ní ìpínlẹ̀ Imo. Yàrá tútù tó ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbé sí ọjà àti oko. Tòmátì tí ì bá jẹrà láàárín ọjọ́ méjì lè lo ọjọ́ 21 níbẹ̀. Aláta kò ní í ra ẹ̀rọ kankan. Iye kéréètì tó bá gbé wá ló máa sanwó lé lórí, lójoojúmọ́. Láwọn ọdún àkọ́kọ́, 100 náírà ni kéréètì kan.

Bí owó yẹn bá ga jù, ìyá tó ní kéréètì mẹ́ta péré á yáa ta ọjà rẹ̀ lọ́pọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́, lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, kò ní í sí owó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà ti rí kànga-dẹ̀rọ tí wọ́n fi ta abúlé lọ́rẹ, tó dípẹtà nítorí pé kò sẹ́ni tó ń dáwó àtúnṣe.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń gbòòrò ni ìdánwò ń dé. Ká ní ọlọ́jà ńlá kan wá, tó ní òun fẹ́ gba gbogbo yàrá náà fún oṣù kan, kówó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú olùdókòwò á dùn. Àmọ́ ìyá oníkéréètì mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì ti ní kò sí àyè. Kò sẹ́ni tó jalè o, kò sẹ́ni tó purọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lé ọlọ́jà ńlá. Ẹ gba owó tó ju ti ìyá yẹn lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi gbé owó kékeré ró. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ olùdókòwò, ẹ kọ iye àyè tó jẹ́ ti àwọn oníkéréètì díẹ̀ sínú àdéhùn. Ẹ má fi sínú ọkàn nìkan. Ọkàn máa ń yí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ ka èrè, kẹ́ ẹ sì ka iye aláta kékeré tó wá. Bí èrè bá ń lọ sókè tí àwọn yẹn ń dín kù, ẹ pe ìpàdé, kẹ́ ẹ sì pe aláta sí i.