Ohun tí Ẹja Òkun Ń Jẹ



Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ará Kano pẹ̀lú omi òkun? Ọbẹ̀ ló kàn wá. Ohun tí ẹja ṣáwá ń jẹ kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Plankton ni àwọn onímọ̀ ń pè é: ewé wẹ́wẹ́ tí ń léfòó nínú omi, àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń jẹ ẹ́. Ọmọ edé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin wà lára wọn. Bí wọ́n bá run, àwọ̀n apẹja a ṣófo.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye wọn? Wọn a wọ́ àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há bí asẹ́ ògì lẹ́yìn ọkọ̀, wọn a sì ka ohun tí ó kó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọn a bu omi ibẹ̀, wọn a wọn iyọ̀, atẹ́gùn àti ohun tí ń ṣe bí ajílẹ̀ nínú rẹ̀.

Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, odò Ògùn a tú omi sínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ibẹ̀ a dínkù gidigidi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún wọlé. Nítorí náà, wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Láti 1931 ni ọkọ̀ ọjà ti ń wọ́ ẹ̀rọ tí Alister Hardy ṣe kọjá lórí Òkun Àríwá. Ní 1975, ìjọba wa dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tí a ń pè ní NIOMR sílẹ̀ ní Èkó.

Iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni lẹ́búlẹ́bú igi láti ibi ìlagi Okobaba fi wọ ọ̀sà Èkó. Bí ó ti ń jẹrà, ó ń gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ẹni tí kò kọ ọjà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀, gbèsè ni yóò bá a lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni òkun rí.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ omi, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ apẹja ni. Ẹ jẹ́ kí nínú owó tí a ń dá lónìí ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.