Ìkòyí Ọdún 1967: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Kọ́ Ojú Ọ̀nà Sínú Eré Ìje Ọkọ̀

Mo júbà àwọn tó ni ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí, ìdílé Oníkòyí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn Ìdéjọ. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé eré kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lé lórí ní Ìkòyí, ó bi mí bóyá irun orí mi kò tíì funfun tó. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé tí a wó àti títì tí a ń gbàgbé ni mo gbé wá. Ẹnu ọ̀nà eré yìí ni mo kàn fẹ́ gbà wọlé.

Ní ọdún 1998, ilé iṣẹ́ Papyrus ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà, ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Grand Prix Legends. Ilé iṣẹ́ Sierra ló gbé e jáde fún títà, Dave Kaemmer sì ni aṣáájú àwọn tó ṣe é. Nígbà náà, ọkọ̀ ìje tí ayé ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe eré kọ̀ǹpútà ń fi tajà. Kaemmer àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn sí ìdíje Formula One ti 1967. Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ ìje kò tíì ní ìyẹ́ tí atẹ́gùn fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, táyà rẹ̀ kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí táyà náà lè gbé lọ. Igi, òpó iná àti ògiri ilé onílé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá tẹná mọ́ ọn bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nínú eré mìíràn, kọ́nà àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ yóò ti yí bírí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló rà á tí wọ́n sì jù ú sẹ́yìn àpótí. Àwọn tí kò jù ú nù, tí wọ́n fara balẹ̀ kọ́ ọ, ni mo wá sọ̀rọ̀ wọn.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká wo ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, ni ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, Jim Clark gbé ọkọ̀ Lotus 49 jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Zandvoort, orílẹ̀-èdè Netherlands, ó sì gbẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọdún kan náà ni. Èmi jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé ọ̀gá tí bàbá mi ń wa mọ́tò fún, níbí ní Ìkòyí.

Pápá ìje mọ́kànlá ló wà nínú eré náà nígbà tí wọ́n tà á. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní Áfíríkà: Kyalami, lẹ́bàá Johannesburg. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní, 1967, John Love, ọmọ Rhodesia ìgbà náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ borí gbogbo àgbà ọ̀jẹ̀ ayé níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Cooper àtijọ́ kan. Òun ló wà níwájú títí epo fi fẹ́ tán, ló bá yà wá bu epo sí i. Pedro Rodriguez ará Mẹ́síkò kọjá, ó gba ipò kìn-ín-ní. Love ṣe ìkejì. Cooper ni Rodriguez náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí orúkọ Cooper nínú eré náà bí wọ́n ṣe tà á. Wọn kò rí àṣẹ lílo orúkọ yẹn gbà, wọ́n bá pe ọkọ̀ náà ní Coventry, wọ́n pe Honda ní Murasama. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà ló dá orúkọ padà fún àwọn ọkọ̀ yìí nígbà tó yá. Ohun kékeré lèyí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: ẹni tí kò lè rí orúkọ èké lára ohun tó fẹ́ràn kó sùn.

Orúkọ nìkan kọ́ ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá tuntun. Kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi kọ́ ọ nínú ohun tí Sierra tà. Ńṣe ni wọ́n tú fáìlì eré náà palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí àwọn kan sì kọ irinṣẹ́ fún àwọn yòókù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ ká wo iṣẹ́ yìí fínnífínní, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́.

Fáìlì kan wà tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ trk. Inú rẹ̀ ni títì fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó ń kọ́ ọ kò lè ya ìlà kó ní títì nìyí. Ó gbọ́dọ̀ gé ojú ọ̀nà náà sí abala-abala: èyí gún gbọọrọ, mélòó ni gígùn rẹ̀? Èyí tẹ̀ sápá òsì, báwo ló ṣe tẹ̀ tó? Lẹ́yìn náà ni gíga ilẹ̀, láti etí títì kan dé èkejì. Ṣé kọ́nà yìí dà sínú ni àbí ó dà síta? Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Táyà máa ń mọ ohun tí ojú kò rí. Fáìlì kejì, 3do, ló gbé ilé, ògiri, afárá àti ìjókòó òǹwòran. Ìkẹta, mip, ni àwọn àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ wọn lára. Igi inú eré náà jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ lásán. Síbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní fi igi oko gbin ojú títì ìlú.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni fáìlì lp. Òun ló ń sọ fún àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà ibi tí wọn yóò tẹ̀ lé lójú títì àti bí eré wọn yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé kí ẹni tó kọ́ pápá náà jókòó ti sítíárìn, kó wà á fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa kọ ipa rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wà á kùtẹ̀kùtẹ̀, kùtẹ̀kùtẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé e. Nítorí náà, yóò wà á, yóò sì tún un wà, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ lóru. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún un.

Ohun tí wọ́n kọ́ báyìí pọ̀ jaburata. Wọ́n kọ́ Targa Florio, títì orí òkè ní erékùṣù Sísílì tí ìyípo kan ṣoṣo rẹ̀ gùn tó kìlómítà 72. Wọ́n kọ́ Solitude ní Jámánì, tí ìje ti dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti 1965. Wọ́n kọ́ Bremgarten, inú igbó lẹ́bàá ìlú Bern ní Switzerland, níbi tí ìjọba ti fòfin de ìje lẹ́yìn jàǹbá Le Mans ti 1955 tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rin. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n yàn kọ́ ni kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Rouen-Les-Essarts, ní Faransé. Rouen wà lára àwọn pápá mọ́kànlá tí eré náà ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní eré náà lè lọ wò ó lálẹ́ òní. Bí ẹ bá ti gbéra, títì náà yóò máa dà bọ̀ nísàlẹ̀, kọ́nà lórí kọ́nà, láàárín igi, títí ẹ ó fi já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi kọ́nà kan tó ká kò bí igbọ̀nwọ́. Nouveau Monde lorúkọ rẹ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Sítíárìn yóò gbọ̀n mọ́ yín lọ́wọ́. Ní Faransé gan-an, wọ́n ti pápá náà pa ní 1994, nígbà tó di 1999 wọ́n wó ìjókòó òǹwòran àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Nínú eré tí wọ́n tà ní ọdún kan ṣáájú ìwólulẹ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀ ṣì dúró.

Dave Kaemmer kan náà wà lára àwọn tó dá iRacing sílẹ̀ ní 2004. Ẹ̀rọ lésà ni iRacing fi ń wọn pápá ìje, tí yóò ka gbogbo wúruwùru ojú ọ̀dà. Mo gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dúró nìkan ni lésà lè kà. Ohun tí a ti wó, àfi ẹni tó ní fọ́tò, tó ní máàpù àtijọ́, tó sì rí àgbàlagbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ló lè gbé e dìde.

Níbí ni mo fẹ́ kí á ti rìn lọ sí ojúde Tinubu. Ẹ̀yin àgbà mọ ilé tí mò ń wí: Ilojo Bar, tí àwọn mìíràn ń pè ní ilé Ọláìyá. Ìdílé Fernandez, Àgùdà tó ti Brazil wọ̀lú, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo dúró níbi tí àwọn ilẹ̀kùn tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè ti wà rí, mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó bá mi lọ bí òkè ilé náà ṣe rí. Ọwọ́ ni mò ń nà sófuurufú. Mo sọ pé ilẹ̀kùn mẹ́ta, mo ní rárá, mẹ́rin. Èmi tí mo ti kọjá níwájú ilé yẹn fún àádọ́ta ọdún! Ojú tì mí. Ẹni tó ń kọ́ pápá sínú eré ìje kò lè kọjá lára ilé kan fún àádọ́ta ọdún kó má mọ iye ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ìranù. Ìtàn ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní ọ̀nà tí àwa òpìtàn kì í sábà kọ ọ́. Nínú ìwé tèmi, mo lè kọ ọ́ pé títì Kingsway fẹ̀, ó sì ní igi, ìwé náà yóò sì kọjá. Bí mo bá fẹ́ kọ́ ọ sínú eré yẹn, mo gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí igi àkọ́kọ́ wà, àti ẹ̀gbẹ́ tí gọ́tà wà. Irọ́ àti ìmẹ́lẹ́ kò ní ibi ìsápamọ́ sí níbẹ̀.

Ìdíje ọkọ̀ nínú títì ìlú kò sì ṣàjèjì sí etíkun wa. Wọ́n sá ìje ọkọ̀ ní Dakar ní 1956, wọ́n sá a ní Luanda láàárín ìlú. Èmi kò wá sọ pé Ìkòyí náà ṣe Grand Prix. Mo fẹ́ kí a kọ́ Ìkòyí 1967 sínú eré náà ni, gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀nà, kí ọmọ tí a bí lánàá lè wakọ̀ gba inú rẹ̀.

Ẹ bá mi gbéra ní Fálómò. A ó gba Alexander dé Bourdillon, a ó yà sí Gerrard, a ó sì gba Kingsway padà, èyí tó ti di Alfred Rewane báyìí. Apá òsì títì ni a ó máa gbà, torí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sápá ọ̀tún. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí kò sí níbẹ̀. 2013 ni wọ́n ṣí i. Omi ni ẹ ó rí. Ilé alájà gogoro kò sí. Ilé onípákó tí a gbé sórí òpó ló wà nínú ọgbà, pẹ̀lú bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ bọ́ìsì kọ́tà kúrò. Máàpù ìjọba lè ṣàìkà wá sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èmi ti rí títì yẹn, láti orí ìkángun ògiri tí mo máa ń gùn ní ọ̀sán Àìkú láti retí bàbá mi. Mo mọ ìró táyà àwọn mọ́tò ní ibi tí ọ̀dà ti bẹ́. Òun náà jẹ́ ìmọ̀, ó sì yẹ kó wọlé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọwọ́ iṣẹ́. Láti 2012 ni Maliyo Games ti ń ṣe eré kọ̀ǹpútà níbí ní Èkó, tí wọ́n sọ ọ̀kadà di eré tí ayé ń ta. Ohun tí wọn kò ní ni fọ́tò tó wà nínú àpótí yín, àti ohun tó wà lórí yín. Àwa tí a mọ Ìkòyí yẹn ń dínkù lọ́dọọdún. Oṣù tó kọjá ni mo sin ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gun ògiri náà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ lọ tú àlíbọ́ọ̀mù yín. Fọ́tò ìgbéyàwó tí mọ́tò wà lẹ́yìn ìyàwó, tí igi wà lẹ́yìn mọ́tò, òun gan-an ni mò ń wá. Ẹ kọ ọdún àti orúkọ títì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gerrard ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí mọ́tò tó pọ̀, èmi yóò wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tépù tí a ó fi wọn títì ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání.